Ẹṣin Nìkan Kọ́: Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ní Agẹṣin Kàn Ń Jókòó

Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2024, nínú ọgbà ààfin Versailles nílẹ̀ Faransé, Michael Jung ọmọ Jámánì gba wúrà àdáṣe kẹta rẹ̀ nínú eré ìdárayá ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní eventing. Ó ti gba ti London ní 2012, ó gba ti Rio ní 2016, ti Paris yìí ló sì sọ ọ́ di ẹni àkọ́kọ́ tó ní mẹ́ta láti ìgbà tí eré náà ti wọ Òlíńpíìkì ní Stockholm ní 1912. Àmì 21.8 ló fi parí. Christopher Burton ti Ọsirélíà ní 22.4, Laura Collett ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 23.1. Àṣìṣe ni wọ́n ń kà nínú eré yìí, nítorí náà ẹni tí àmì rẹ̀ bá kéré jù ló borí.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin fi tún jáde. Ẹṣin ló sáré, ẹṣin ló fò, ẹṣin ló làágùn, èèyàn tó jókòó lé e lẹ́yìn ni wọ́n wá fi wúrà kọ́ lọ́rùn! Àwọn míì fi kún un pé eré olówó ni, pé ẹni tó bá ti rówó ra ẹṣin tó dáa ti rówó ra wúrà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ó ń pani lẹ́rìn-ín, ó sì jọ òótọ́ lójú ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ irọ́ ni, ìpalára rẹ̀ sì ju kí wọ́n kàn fojú tín-ín-rín eléré ìdárayá kan lọ.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ẹni tó bá lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá yóò rí àwọn ìdílé Balógun tí wọ́n ń gẹṣin wá kí Awùjalẹ̀: aṣọ olówó iyebíye, gàárì tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìlù, ìbọn, àwọn tó di ìjánu mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó kọjá níwájú pápá Lagos Polo Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, yóò rí àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó tò síbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tètè gbà pé ìjókòó àti owó ni gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ ẹṣin. Kó lọ bi àwọn tó ń gẹṣin ní Ojúde Ọba gan-an léèrè. Wọn yóò sọ fún un pé ẹṣin tó gbọ́ ìró ìbọn láàárín èrò kì í ṣe àga.

Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù ló dá eventing sílẹ̀ láti fi dán ẹṣin ogun àti ẹni tó ń gùn ún wò. Ṣé ẹṣin náà gbọ́ràn lójú ìwọ́de? Ṣé ó lè gba inú igbó àti odò kọjá láìbẹ̀rù? Ṣé yóò ṣì wúlò lọ́jọ́ kejì? Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ló di ìpele mẹ́ta tó wà lónìí, agẹṣin kan àti ẹṣin kan ló sì gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Dressage ló ṣáájú. Níbẹ̀, ẹṣin yóò máa rìn, yóò máa sáré ní ìwọ̀n, yóò yí, yóò dúró lójú àmì, àwọn adájọ́ yóò sì máa fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Cross-country ló tẹ̀ lé e: eré àsápajúdé gba inú pápá, òkè, kòtò àti omi, pẹ̀lú àwọn igi ńláńlá tí wọ́n gbé ka ojú ọ̀nà. Show jumping ló kẹ́yìn, níbi tí ẹṣin yóò ti fo àwọn ọ̀pá tí ìkanra díẹ̀ lè gbé ṣubú, àmì ìjìyà 4 sì ni ọ̀pá kan.

Ẹni tó bá ti tọ́ ẹran rí yóò mọ̀ pé àwọn ìpele yìí ń ta ko ara wọn. Ẹṣin tí wọ́n ti fún ní oúnjẹ àti ìdánrawò títí tó fi lè sá eré kìlómítà mẹ́fà kì í fẹ́ dúró jẹ́ẹ́ níwájú adájọ́, ẹ̀jẹ̀ ń gbóná lára rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ pẹ̀lẹ́tù tó dùn ún wò ní dressage sì lè dé etí omi kó kọ̀ jálẹ̀. Ta ló ń mú ara ẹranko kan náà tutù lọ́jọ́ Ẹtì, tó ń mú un gbóná lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó tún ń mú un ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ Àìkú? Àwọn tó ní agẹṣin kàn ń jókòó kò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ẹ tún wo ohun kan tí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣàlàyé. Ẹṣin kì í rí ojú ọ̀nà cross-country kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kò gbà á láyè. Agẹṣin nìkan ló ń fẹsẹ̀ rìn ín, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tó ń ka iye ìṣísẹ̀ láàárín ìdènà kan sí èkejì, tó ń wo ibi tí oòrùn yóò wà ní aago tirẹ̀, tó ń tẹ ilẹ̀ wò bóyá ó rọ̀. Ní Badminton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdíje tó le jù láyé, ọ̀nà náà máa ń gùn ju kìlómítà mẹ́fà lọ, wọ́n sì ń retí pé kí ẹṣin máa sá mítà 570 ní ìṣẹ́jú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìdènà tó lé ní ọgbọ̀n wà lójú ọ̀nà náà, ojú ẹṣin kò sì kan ọ̀kankan nínú wọn rí.

Ojú ẹṣin fúnra rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà. Èyí ló fi ń rí nǹkan tó ń bọ̀ látọ̀túnlósì àti láti ẹ̀yìn, àmọ́ ibì kan wà níwájú orí rẹ̀ gan-an tí kò rí. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó fò, ìdènà ti wọ ibi tí ojú rẹ̀ kò ká mọ́. Ohun tó rí tẹ́lẹ̀ ló ń fò, pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi bá wà lẹ́yìn ògiri, ẹṣin kò mọ̀. Bí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́ gẹ́lẹ́ níbi tí yóò sọ̀ sí, kò mọ̀. Agẹṣin ló mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú itan, ẹsẹ̀, ìjánu àti ìwúwo ara rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹṣin tó kúrò nílẹ̀. Bí ẹṣin bá kọ ìdènà kan, àmì 20 ni. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ ju àkókò tí wọ́n dá lọ, 0.4 ni. Bí agẹṣin bá ṣubú, ó tán nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Jung àti Burton ní Versailles jẹ́ 0.6, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Kì í sì í ṣe àmì nìkan ni wọ́n ń pàdánù. Ní ọdún 1999 nìkan, agẹṣin eventing márùn-ún ló kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ikú wọn ló mú kí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá nípa ààbò, lára ohun tó sì tẹ̀ lé e ni àwọn pín-ìnì tó ń já bí ẹṣin bá fi gbogbo agbára kọlu igi, kí ẹṣin má baà dojú dé lé agẹṣin lórí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, William Fox-Pitt ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣubú ní Le Lion d'Angers nílẹ̀ Faransé, ó sì wà láìmọ ara rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Kí ọdún tó yí po, ó ti wà ní Rio, òun ló sì wà ní ipò kìn-ín-ní nígbà tí dressage parí. Ìjókòó lásán kì í ṣe irú èyí fún èèyàn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹṣin ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí agẹṣin tó gba ife máa pàdánù orúkọ rẹ̀ ní gbàrà tí ẹṣin náà bá ti fẹ̀yìn tì. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Lucinda Green gba Badminton lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹṣin mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì gùn: Be Fair ní 1973, Wideawake ní 1976, George ní 1977, Killaire ní 1979, Regal Realm ní 1983, Beagle Bay ní 1984. Wideawake kú lórí pápá níbi tí wọ́n ti ń yí pápá ká láti fi ṣayẹyẹ ìṣẹ́gun. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà gun ẹṣin míì, ó sì tún gba ife náà. Fox-Pitt tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gba Burghley, ìdíje ńlá míì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1994 sí 2011, pẹ̀lú ẹṣin mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣé gbogbo ẹṣin tó dáa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn ń ya ọ̀dọ̀ èèyàn méjì yìí ni?

Mark Todd ti New Zealand tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1980, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń fún wàrà màlúù jẹun dé Badminton fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì gbà á lórí Southern Comfort. Ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Los Angeles ní 1984 àti ní Seoul ní 1988 lórí Charisma, ẹṣin kúkúrú kan tó fẹ́ràn oúnjẹ débi pé wọ́n ń pè é ní Podge. Ní 1994, agẹṣin kan fara pa nígbà tí Badminton ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí Todd bá wọn gun ẹṣin rẹ̀, Horton Point. Todd kò mọ ẹṣin náà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó gùn ún gba ife. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, awọ tó so irin ìtẹsẹ̀ rẹ̀ kan já nígbà tí ó ń gun Bertie Blunt ní cross-country, ó sì fi ẹsẹ̀ kan lórí irin, ẹsẹ̀ kejì nínú afẹ́fẹ́, parí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà. Ó padà wá ní 1996 pẹ̀lú Bertie Blunt, ó sì gbà á.

Ti Jung náà wà níbẹ̀. Ó gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra: Sam ló gùn ní 2011, Halunke ní 2013, Takinou ní 2015. Lórí abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ FischerRocana, ó gba ìdíje Kentucky ní Amẹ́ríkà ní 2015, 2016 àti 2017. Ó gba Burghley ní 2015 àti Badminton ní 2016 lórí Sam, ìyẹn sì mú kó di ẹnì kejì péré tó máa di ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí mú tẹ̀ léra lẹ́yìn Pippa Funnell. Ẹṣin márùn-ún nìyẹn bí a bá ka Chipmunk, tó gùn ní Paris, mọ́ ọn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a yí i padà, kí a wo ẹṣin kan lábẹ́ agẹṣin méjì. Totilas kì í ṣe ẹṣin eventing, dressage nìkan ló mọ̀, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní 2010, ó gba wúrà mẹ́ta ní ìdíje àgbáyé ní Kentucky lábẹ́ Edward Gal ti Netherlands. Wọ́n tà á sí Jámánì lọ́dún kan náà, ìwé ìròyìn sì sọ pé owó rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò. Bí ẹni tó wà lórí ẹṣin bá jẹ́ ẹrù lásán, wúrà ni Jámánì rà yẹn. Matthias Rath tó gùn ún lẹ́yìn náà kì í ṣe ọ̀lẹ, àìsàn àti ọgbẹ́ sì ṣe tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, títí tí Totilas fi fẹ̀yìn tì, kò tún gba wúrà àdáṣe kankan ní Òlíńpíìkì tàbí ní ìdíje àgbáyé.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Tokyo ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú eré pentathlon nígbà náà, àwọn eléré kì í mú ẹṣin tiwọn wá. Ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́, ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n sì fi ń mọ ẹṣin tó bá kàn wọ́n. Annika Schleu ti Jámánì ló ń ṣíwájú kó tó kan ẹṣin gígùn. Saint Boy ló bá pàdé, ẹṣin tí wọ́n ti kọ́ láti máa fo ìdènà, tí ó sì ti kọ̀ fún agẹṣin mìíràn ṣáájú lọ́jọ́ náà. Ẹṣin náà kò fẹ́ lọ. Schleu ń sunkún lórí rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ na ẹṣin náà ní ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá náà kúrò nínú ìdíje. Schleu parí ní ipò 31. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé àjọ pentathlon pinnu láti yọ ẹṣin kúrò nínú eré náà pátápátá lẹ́yìn Paris 2024. Ẹ bi àwọn tó ní ẹṣin ló ń ṣe iṣẹ́: níbo ni iṣẹ́ Saint Boy wà lọ́jọ́ yẹn?

Ìtàn tó yẹ kó pa ẹnu wọn mọ́ jù lọ ni ti Julia Krajewski. Òun ló ń gun Chipmunk tẹ́lẹ̀, òun ló gbé e dé ipele tó ga jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, wọ́n ta ẹṣin náà, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Jung. Ẹṣin rẹ̀ mìíràn, Samourai du Thot, ní láti fẹ̀yìn tì ní 2021 nítorí ojú tó ń dùn ún. Abo ẹṣin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ, Amande de B'Neville, ló kù fún un láti gùn lọ sí Tokyo. Jung gun Chipmunk lọ síbẹ̀ kan náà, òun ló sì ṣíwájú lẹ́yìn dressage. Ní cross-country, Chipmunk kan ìdènà kan tó fi jẹ́ pé pín-ìnì rẹ̀ já. Àmì ìjìyà 11 bọ́ lé Jung lórí, ó sì parí ní ipò kẹjọ. Krajewski ló gba wúrà, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba wúrà àdáṣe eventing ní Òlíńpíìkì.

Àwọn tó ń pariwo owó kì í dárúkọ ìtàn yìí. Owó ló gbé Chipmunk kúrò lọ́wọ́ Krajewski, òótọ́ ni. Owó yẹn kò sì lè gbé wúrà Tokyo kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Jung fúnra rẹ̀ ní láti lo ọdún márùn-ún pẹ̀lú Chipmunk kó tó rí wúrà Òlíńpíìkì lórí rẹ̀, ìrìn náà kò sì rọrùn. Ní ìdíje àgbáyé ní Pratoni nílẹ̀ Ítálì ní 2022, òun ló ń ṣíwájú nígbà tó wọ pápá show jumping. Ọ̀pá méjì ṣubú, àmì ẹ̀yẹ àdáṣe sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Krajewski gba fàdákà lórí Amande.

Kò sẹ́ni tó ń sọ pé owó kò ṣe nǹkan kan. Ẹṣin wọ́n, oúnjẹ rẹ̀ wọ́n, dókítà ẹranko àti ọkọ̀ tó ń gbé e kiri wọ́n. Ọ̀pọ̀ agẹṣin ni kì í ní ẹṣin tí wọ́n ń gùn: olówó ló ni ín, onígbọ̀wọ́ ló ń bọ́ ọ, olúwa rẹ̀ sì lè tà á lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ohun tí agẹṣin ní kì í ṣe ẹṣin. Ọwọ́ ló ní, àti ojú, àti ìmọ̀ tó kó jọ fún ọdún púpọ̀, ohun tí kò sí ní ọjà. Owó ló dà bí ìlẹ̀kùn eré yìí: ẹni tí kò ní onígbọ̀wọ́ kì í dé ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí èèyàn bínú sí ìyẹn. Àmọ́ àtakò sí ìlẹ̀kùn yàtọ̀ sí kéèyàn máa sọ pé àwọn tó wọlé kò ṣe iṣẹ́ kankan nínú ilé.

Wọ́n tún máa ń mú ọjọ́ orí wá. Andrew Hoy ti Ọsirélíà gba fàdákà ẹgbẹ́ àti idẹ àdáṣe ní Tokyo nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 62. Irú eré wo nìyẹn, wọ́n ní, tí bàbá àgbàlagbà ń gba àmì ẹ̀yẹ? Ìdáhùn náà ò jìnnà. Hoy gba wúrà ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Barcelona ní 1992. Láàárín ìgbà náà sí Tokyo, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó fi ń kọ́ bí ẹṣin ṣe ń ronú. Bí eré náà bá jẹ́ ti agbára apá nìkan, àwọn ọ̀dọ́ ì bá ti lé e kúrò. Bí ó bá jẹ́ ti ẹṣin nìkan, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní já mọ́ nǹkan kan rárá, ọmọ ọdún méjìdínlógún náà ì bá sì máa gba Badminton lọ́dọọdún. Eré kan náà ni ọkùnrin àti obìnrin ti ń díje papọ̀ láìsí ìyàtọ̀, láti ìgbà tí Lana du Pont ti Amẹ́ríkà ti di obìnrin àkọ́kọ́ nínú eventing Òlíńpíìkì ní 1964. Ọgbọ́n ló mú kí wọ́n lè jọ díje.

Àtakò kan ṣoṣo ló lágbára díẹ̀. Ṣé Sam kì í ṣe ẹṣin àrà? Àrà ni. Wọ́n bí i ní 2000, ó gba ife àgbáyé ní 2010, Yúróòpù ní 2011, wúrà ní London àti ní Rio. Kò sí ọ̀nà tí agẹṣin yóò gbà kó irú ẹrù yẹn délé lórí ẹṣin tí kò lọ́kàn. Àmọ́ ẹni tó ń gbà pé Sam ní ẹ̀bùn ti gbà pé ẹ̀bùn náà nílò ẹni tí yóò rí i, tí yóò kọ́ ọ, tí kò sì ní lò ó pa. Jung ló kọ́ ọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni ọdún 16 ni Sam nígbà tó gba wúrà ní Rio. Ẹni ọdún 16 ni Chipmunk ní Paris. Ẹni ọdún 16 ni Charisma ní Seoul. Kí ẹṣin tó dé ọjọ́ orí yẹn kó ṣì máa fo ìdènà Òlíńpíìkì pẹ̀lú ìfẹ́, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí wọ́n á dúró, ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ̀, àti ìdíje tí kò yẹ kí wọ́n lọ.

Ibi tí èrò yìí ti wá di ewu nìyí. Bí a bá ní agẹṣin kì í ṣe nǹkan kan nígbà tí nǹkan bá dára, kí la fẹ́ sọ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́? Ní Tokyo kan náà, ẹṣin Switzerland kan tó ń jẹ́ Jet Set fara pa ní cross-country, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ já, wọ́n sì ní láti pa á kí ìrora rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá gbà pé ẹṣin nìkan ló ń sáré lè sọ pé ẹṣin ló sáré pa ara rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi agẹṣin, ẹni tó ya ọ̀nà náà, tàbí àjọ tó ń ṣe ìdíje léèrè bóyá ọ̀nà náà le jù. Àmọ́ a mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn, torí pé àwọn ló ń pinnu.

Mark Todd tí a yìn lókè yìí náà wà nínú ẹjọ́ ọ̀hún. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, fídíò kan jáde níbi tí ó ti ń fi ẹ̀ka igi na ẹṣin tó kọ̀ láti wọ omi, lákòókò tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ó tọrọ àforíjì, àjọ ìje ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí Paris ku ọjọ́ díẹ̀, Charlotte Dujardin tó jẹ́ akọni dressage fà sẹ́yìn nítorí fídíò tí wọ́n ti rí i tó ń fi pàṣán na ẹsẹ̀ ẹṣin. Gbogbo ayé bínú. Wọ́n bínú torí pé wọ́n mọ̀, láìsọ ọ́, pé ẹni tó di ìjánu mú ló ni ẹ̀bi. Ẹnu kan náà kò gbọdọ̀ sọ lọ́sẹ̀ kan pé agẹṣin ló jẹ̀bi, kó sì sọ lọ́sẹ̀ kejì pé agẹṣin kàn jókòó.

Èyí ló fà á tí yíyìn Jung bó ṣe tọ́ fi ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ. Tí a bá gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ló gbé Sam, Halunke, Takinou, FischerRocana àti Chipmunk dé ibi tí wọ́n dé, a ti gbà pé ọwọ́ agẹṣin lè gbé ẹṣin lọ síbi tí kò yẹ kó lọ pẹ̀lú. Àwọn àjọ tó ń ṣàkóso eré náà yóò lè fi òfin tọ́ ọwọ́ náà sọ́nà, àwọn oníròyìn yóò sì lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹṣin ṣe. Kí wọ́n béèrè ìdí tí agẹṣin kan fi yan ọ̀nà gígùn ní ìdènà kẹrìnlá. Kí wọ́n béèrè ìgbà tó mọ̀ pé ẹṣin òun ti rẹ̀, àti ohun tó ṣe lẹ́yìn tó mọ̀. Kí wọ́n yé dúró sídìí ẹwà ẹranko náà àti iye tí wọ́n rà á.

Ọdún 2008 ni wọ́n bí Chipmunk. Nígbà tí Òlíńpíìkì bá dé Los Angeles ní 2028, yóò ti pé ogún ọdún, kò sì dájú pé ẹnì kan yóò gbé e wọ cross-country ní ọjọ́ orí yẹn. Bí Jung bá lọ síbẹ̀ láti wá wúrà kẹrin, ẹṣin tí ayé kò tíì mọ̀ dáadáa ló ṣeé ṣe kó gùn, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ́ lọ́wọ́ ní Horb, níbi tí ilé ẹṣin ìdílé rẹ̀ wà. Àwọn tó ní ẹṣin ló ń gba wúrà láǹfààní báyìí láti sọ orúkọ ẹṣin náà fún wa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.